Àrán Lára Ọkọ̀ Òkun: Kí Ló Dé Tí Báńákù Kì Í Kọ́lé Sára Àkurákudà?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjà Aswani máa ń kún jù. Láti òwúrọ̀ kùtùkùtù ni èrò ti ń ya wọ ibẹ̀ láti Oṣòdì, Ìsọlọ̀, Muṣin àti ibi tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ òkìtì aṣọ ọ̀kirikà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí oníbàárà tó gbọ́njú ṣe ń rajà, ọwọ́ rẹ̀ ni kó máa wò. Kó tó bèèrè iye, ó ti fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ fún aṣọ náà wò. Tó bá jẹ́ àrán, á fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lọ, á tún pa á bọ̀: bó ti ń lọ á máa yọ̀, bó ti ń bọ̀ á máa ta kọ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá gbà á, á jù ú sílẹ̀, á sún síwájú. Ẹnikẹ́ni kò lé e, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ sí i. Ara aṣọ náà ló lé e.

Orúkọ ilé-iṣẹ́ aṣọ tó wà ládùúgbò náà láyé ìgbà kan ni ọjà yìí ń jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni márosẹ̀ Oṣòdì sí Apápá gbà kọjá, tọ̀sán tòru sì ni tírélà ń gbé kọ̀ntéńà bọ̀ láti èbúté Apápá àti Tin Can. Orí ọkọ̀ òkun ni kọ̀ntéńà wọ̀nyí ti sọ̀ kalẹ̀. Bí èèyàn bá lè wo abẹ́ ọkọ̀ náà nínú omi, ọjà mìíràn ni yóò bá níbẹ̀: àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí wọ́n ń tọ́ ara ọkọ̀ wò, tí wọ́n ń rò ó bóyá kí wọ́n kọ́lé síbẹ̀ tàbí kí wọ́n máa bá tiwọn lọ. Tó bá jẹ́ ara ọkọ̀ ni, wọ́n sábà máa ń gbà. Tó bá jẹ́ ara àkurákudà ni, ẹja tó ń gbé inú omi kan náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, wọn kì í sábà gbà. Kí ló fà á?

Ká kọ́kọ́ mọ àwọn oníbàárà náà. Irin ni o, pákó ni o, rọ́bà ni o, ohunkóhun tó bá ti wọ inú òkun, kò ní pé wákàtí mélòó kan tí bakitéríà, kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó. Wọ́n á pọ ikun jáde, ikun náà á sì di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń yọ̀, irú èyí tí ọwọ́ ń bá lára dúrọ́ọ̀mù omi tí wọn kò fọ̀ fún oṣù mélòó kan. Awọ ikun ni orí ìwé yìí yóò máa pè é. Irúgbìn ewéko odò ò ní pẹ́ dé bá a, ara ọkọ̀ á wá dà bíi pápá tútù. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń kọ́lé olókùúta á wọlé: ekòló tó ń gbé inú ọ̀pá tó fi ẹfun ara rẹ̀ mọ, ọ́ísítà, àti báńákù. Láti orí awọ ikun títí dórí ìkarahun, èépá omi ni ká pe gbogbo wọn lápapọ̀, nítorí bí èépá ṣe ń gun ara igi ni wọ́n ṣe ń gun ara ọkọ̀.

Báńákù yẹ ní dídúró tì. Ẹni tó bá ti wo ẹsẹ̀ jẹ́tì ní Èkó nígbà tí omi bá fà ti rí i: ohun funfun rúsúrúsú, ó le bí òkúta, ó ṣe bí òkè kékeré tí wọ́n gé ṣóńṣó orí rẹ̀ kúrò, etí rẹ̀ sì mú débi pé ó lè ya èèyàn lẹ́sẹ̀ bí abẹ. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìbátan ìgbín ni. Ìbátan edé àti akàn ni. Nígbà èwe rẹ̀ ó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri bíi tiwọn. Nígbà tó bá tó àsìkò tí yóò gúnlẹ̀, gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ, kì í sì í jẹun mọ́; agbára tó ti tọ́jú sára ló ń ná, ilé ló sì gbọ́dọ̀ rí kí agbára náà tó tán.

Bó ṣe ń wá ilé yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ó ní ìwo méjì lórí, ìwo náà ló fi ń rìn. Á gbé ọ̀kan, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á fà á tu, á gbé èkejì. Ibi tó bá tẹ̀ á gba àmì èròjà fẹ́rẹ́ kan, bí ojú ẹsẹ̀ lórí iyanrìn. Á rìn síwájú, á pa dà, á yí po lójú kan, ó tún lè fò kúrò lọ wo ibòmíràn. Díẹ̀ ni ẹ̀dá òkun tó ń yẹ ọjà wò tó báyìí. Bí ibì kan bá wá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á dorí kodò, á tú àtè jáde láti ìdí ìwo rẹ̀, á sì fi orí lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Kò tún ní ṣí kúrò mọ́ títí tí yóò fi kú. Á mọ ògiri òkúta yí ara rẹ̀ ká, á dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, á sì máa na ẹsẹ̀ síta fi gbọ́n oúnjẹ wọlé látinú omi. Charles Darwin, ẹni tí ayé mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ìyípadà àwọn ohun abẹ̀mí, fi bí ọdún mẹ́jọ, láti 1846 sí 1854, ṣe ìwádìí báńákù, ìyẹn kó tó kọ ìwé tó sọ ọ́ di olókìkí. A ó tún bá orúkọ rẹ̀ pàdé ní Èkó láìpẹ́.

Aburú wo ni ohun tí kò tó èékánná lè ṣe fún ọkọ̀ tó gùn ju pápá bọ́ọ̀lù méjì lọ? Ẹni tó bá ti wọ agbádá rìn kọjú sí atẹ́gùn lè fọkàn yàwòrán rẹ̀. Omi wúwo ju atẹ́gùn lọ fíìfíì, ó sì máa ń di ohun tó bá rí pálapàla mú. Bí ọkọ̀ ṣe ń fà á tu, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń jó epo sí i. Ní 2011, olùwádìí kan, Michael Schultz, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò pé àwọn ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tó jẹ́ irú DDG-51 nìkan ń ná bíi mílíọ̀nù 56 dọ́là lọ́dún nítorí èépá omi, owó epo ló sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tó dúró sójú kan nínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ló máa ń jìyà jù. Bí èbúté Èkó bá dí, tí ọkọ̀ ń retí lẹ́yìn odi lójú òkun, báńákù kò retí ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ gorí ilẹ̀ láti tún un ṣe, bí wọ́n ti ń ṣe ní Nigerdock ní Snake Island àti ní ọgbà ìtúnkọ̀ṣe àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Victoria Island, ni ojú tó lè rí ohun tó ti ń gun ara ọkọ̀ lábẹ́ omi.

Láti ọjọ́ pípẹ́, májèlé ni ọmọ èèyàn fi ń dá wọn lóhùn. Ní 1761, àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi páànù bàbà bo ìdí ọkọ̀ HMS Alarm, nítorí omi òkun máa ń yọ́ bàbà díẹ̀díẹ̀, oró rẹ̀ sì ń lé èépá omi. Títí di òní, bàbà ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà tí wọ́n ń kùn sí ìdí ọkọ̀. Èyí tó wá burú jù ni TBT, májèlé kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pò mọ́ ọ̀dà ọkọ̀ láàárín ọ̀rúndún tó kọjá. Ó ṣiṣẹ́ gan-an ni; ó tiẹ̀ ṣiṣẹ́ kọjá ibi tí wọ́n rán an. Ní Arcachon nílẹ̀ Faransé, ìkarahun ọ́ísítà bẹ̀rẹ̀ sí í nípọn, ó ń wọ́, ọmọ wọn ò sì yè mọ́, títí tí ìjọba ibẹ̀ fi ká TBT lọ́wọ́ kò ní 1982. Lára ìgbín òkun, abo bẹ̀rẹ̀ sí í hu ẹ̀yà ara akọ. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan nìyẹn: ní àwọn ọdún 1990, àwọn olùwádìí Nyarko àti Evans rí irú ìgbín bẹ́ẹ̀ ní etí òkun Gánà, nítòsí wa níbí. Ní 2001 ni Àjọ Ìgbòkègbodò Ọkọ̀ Òkun Àgbáyé, IMO, fọwọ́ sí àdéhùn tó fòfin de májèlé náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2008.

Àwọn onímọ̀ ti wo èépá omi fínnífínní ní Èkó náà, ó sì ti pẹ́. Ní 1966, Sandison àti Hill gbé ìwádìí kan jáde nínú Journal of Animal Ecology lórí ẹ̀dá mẹ́rin tó ń dì mọ́ nǹkan ní èbúté Èkó àti àwọn ẹsẹ̀ omi tó yí i ká: ọ́ísítà tó ń gbé ara gbòǹgbò igi ẹ̀gbà, ekòló ọ̀pá méjì, àti báńákù kan tí orúkọ ìmọ̀ rẹ̀ nígbà náà ń jẹ́ Balanus pallidus stutsburi Darwin. Darwin tó parí orúkọ yẹn ni Darwin tiwa àná, nítorí òun ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀.

Iyọ̀ inú omi ni Sandison àti Hill tọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀sà Èkó kì í ṣe omi kan náà yíká ọdún. Lẹ́ẹ̀rùn, omi òkun á gba ẹnu èbúté wọlé, iyọ̀ á dé inú lọ́hùn-ún. Nígbà òjò, odò Ògùn àti àwọn odò yòókù á da omi tútù sí i, àwọn ibì kan á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má níyọ̀ mọ́ rárá. Báńákù tó kún ara òpó lẹ́ẹ̀rùn lè kú dànù lójò níbi tí omi tútù bá ti pọ̀, kí ọmọ tuntun tún wá gúnlẹ̀ sórí ìkarahun òkú nígbà tí iyọ̀ bá pa dà dé. Òjò Èkó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń fi májèlé ṣe níbòmíràn. Àmọ́ ọkọ̀ tó ń ti Apápá lọ sí Rotterdam kò lè jókòó de òjò. Ó nílò ohun tó máa mú lọ lára.

Ibí ni àkurákudà ti wọlé. Ní 2002, Anthony Brennan, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa bí a ṣe ń ṣẹ̀dá èròjà ní Yunifásítì Florida, wà ní Pearl Harbor ní Hawaii. Ọ́fíìsì ìwádìí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi dín májèlé kù lára ọkọ̀ wọn. Ó rí ọkọ̀ abẹ́ omi kan tó ń wọ èbúté bọ̀ pẹ̀lú ewéko odò lára, ó sì jọ àbùùbùtán lójú rẹ̀. Ìyẹn ló mú un bi ara rẹ̀ léèrè pé ẹran òkun wo ló ń rìn jẹ́jẹ́, síbẹ̀ tí ohunkóhun kì í hù lára rẹ̀. Àbùùbùtán kọ́, torí àwọn kan nínú wọn ń ru báńákù kiri bí ẹrù. Àkurákudà ni ìdáhùn tó rí. Ó tẹ ohun rírọ̀ mọ́ awọ ẹja náà láti gba àpẹẹrẹ rẹ̀, bí ẹni tẹ kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọṣẹ, ó sì gbé àpẹẹrẹ náà sábẹ́ máíkírósíkóòpù.

Awọ àkurákudà kò rí bí ti epìyà. Eyín ló bò ó, eyín gidi tó ní ìpele líle lókè bíi tẹnu wa, àmọ́ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ nìkan fi ń mọ̀ ọ́n. Ká pè é ní eyín awọ. Gbogbo wọn kọ ẹ̀yìn sí ibì kan náà. Ẹni tó bá fọwọ́ pa ẹja náà láti orí lọ sí ìrù, á máa yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Tó bá pa á láti ìrù bọ̀ wá sórí, á ha á bí ewé ìpín tí àwọn agbẹ́gilére fi ń dán ère. Bí àrán ṣe ń ṣe lọ́wọ́ oníbàárà Aswani gan-an ni. Lórí eyín kọ̀ọ̀kan, ìlà tó ga sókè tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìlà ara kọdurọ́ì.

Brennan kò da eyín awọ kọ bó ṣe rí. Ìlà orí rẹ̀ ló mú, ó sì tò ó di ọnà, bí àwọn oníṣẹ́ ọnà Ọ̀yọ́ ṣe ń fín igbá: ìlà kúkúrú, ìlà gígùn díẹ̀, ìlà gígùn jù lọ láàárín, kó tún máa kúrú bọ̀, títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi ní igun mẹ́rin bíi ti ọnà ara ẹní. Sharklet ni wọ́n sọ ọnà náà. Orí rọ́bà sílíkóònù ni wọ́n ti kọ́kọ́ fín in. Láti mọ bó ṣe kéré tó, kí òǹkàwé fọkàn pín mìlímítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún. Ìdá kan nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní máíkírọ́nù. Irun orí èèyàn kan lè nípọn tó máíkírọ́nù 70. Ìlà Sharklet fẹ̀ ní máíkírọ́nù 2, àlàfo tó wà láàárín wọn jẹ́ 2, wọ́n sì ga ní 3. Èyí tó kúrú jù gùn ní 4, èyí tó gùn jù jẹ́ 16. Ojú kò lè rí fínfín náà, bẹ́ẹ̀ ni ìka kò lè mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fín in fún mọ̀ ọ́n. Ewéko odò kan wà tó ń jẹ́ Ulva, òun ló sábà máa ń sọ ìdí ọkọ̀ di pápá tútù. Irúgbìn rẹ̀ ní ìrù mẹ́rin tó fi ń lúwẹ̀ẹ́, ara rẹ̀ sì tó máíkírọ́nù 5. Kí èèyàn ronú àgbẹ̀ kan tó fẹ́ tẹ́ ẹní sùn nínú oko. Bí poro tó wà láàárín ebè bá fẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ, á bọ́ sínú poro, á sùn fọnfọn, ebè gan-an á tún bá a dí atẹ́gùn. Bí kò bá sí ebè rárá, ilẹ̀ pẹrẹsẹ náà dára. Àmọ́ bí poro kò bá fẹ̀ tó apá rẹ̀, tí ebè sì tò súnmọ́ra, orí ṣóńṣó ebè nìkan ni ẹ̀yìn rẹ̀ máa kàn. Kò lè wọlẹ̀, kò sì lè tẹ́jú. Bí ọ̀rọ̀ irúgbìn Ulva ṣe rí lórí Sharklet nìyẹn: ara rẹ̀ tóbi ju àlàfo lọ, kò sì tóbi tó láti máa fojú tín-ín-rín wò ó. Ojú ìdìmú ni ká pe àwọn ibi tí ẹ̀dá kan ti lè fara kan ohun tó fẹ́ lẹ̀ mọ́. Bí ojú ìdìmú bá ti dín kù, àtè á dín kù, omi tó ń ṣàn lè gbá a lọ.

Pé gígùn àwọn ìlà náà kò dọ́gba tún ní iṣẹ́ tirẹ̀. Rọ́bà máa ń tẹ̀. Ìlà kúkúrú kì í tẹ̀ bí ìlà gígùn ṣe ń tẹ̀. Irúgbìn tó bá wá fi apá kan ara lé ìlà kúkúrú, tó fi apá kejì lé ìlà gígùn, bí ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gún ni. Àlàyé tí Brennan àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ṣe ni pé ara kékeré náà gbọ́dọ̀ máa lo agbára láti dúró déédéé, ó sì sàn fún un kó wá ibòmíràn lọ. Nínú ìdánwò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006, irúgbìn Ulva tó gúnlẹ̀ sórí Sharklet fi nǹkan bí ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí èyí tó gúnlẹ̀ sórí rọ́bà kan náà tí kò ní ọnà. Kò sí ẹyọ májèlé kan níbẹ̀.

Báńákù ńkọ́? Ẹni tó gùn tó ìdajì mìlímítà kò lè mọ ìlà máíkírọ́nù 2 lára. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni lójú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fín òmíràn tó tóbi jù ú lọ, tí ìlà rẹ̀ ga ní máíkírọ́nù 40, tó sì fẹ̀ ní 20. Ní 2007 wọ́n ròyìn pé ọmọ báńákù tó gúnlẹ̀ sórí rẹ̀ fi ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Fínfín tó lé báńákù kò wá lè lé irúgbìn ewéko, torí inú poro rẹ̀ á di ìyẹ̀wù ọ̀fẹ́ fún un. Ohun tó ń dí iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ gan-an nìyẹn. Inú agolo ìdánwò, oníbàárà kan ṣoṣo ló máa ń wà. Inú òkun, gbogbo ìwọ̀n ara ló ń bọ̀, láti orí bakitéríà dórí ọ́ísítà. Àwọn onímọ̀ ti ń fín ọnà kékeré sórí ọnà ńlá, àmọ́ iṣẹ́ tó rọrùn lórí rọ́bà tó tó àtẹ́lẹwọ́ kì í ṣe kékeré lórí irin tó gùn ní ọ̀ọ́dúnrún mítà, tí ìdákọ̀ró ń ha, tí pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ sì ń dí ojú fínfín rẹ̀. Títí di ìsinsìnyí Sharklet kò tíì gbòde lára ọkọ̀ òkun. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ló yà sí. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lé e lórí ní 2007, ní ọdún náà sì ni ìwádìí kan fi hàn pé bakitéríà Staphylococcus aureus, tó ń kó bá ojú egbò, kò rí awọ ikun kọ́ sórí rẹ̀ títí di ọjọ́ kọkànlélógún, bẹ́ẹ̀ orí rọ́bà tó ń dán kò tíì pé tó bẹ́ẹ̀ tó ti kún. Nítorí pé ọnà náà kì í pa á, kò sí oògùn tí ara rẹ̀ máa kọ́ láti mú mọ́ra.

Àkurákudà nìkan kọ́ ló mọ ọgbọ́n yìí. Ewé kókò mọ ọ̀kan. Létí gọ́tà àti létí kánààlì ní Ìsọlọ̀, kókò kì í wọ́n. Bí òjò bá rọ̀ sí i, omi á ká jọ lójú ewé náà bí ìlẹ̀kẹ̀ dígí, á yí gbirigbiri, á sì gbá eruku tó bá pàdé lọ. Ní 1997, Barthlott àti Neinhuis ní Yunifásítì Bonn ní Jámánì ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí irú ewé bẹ́ẹ̀: kókó kéékèèké ló kún ojú rẹ̀, ìda sì wà lórí kókó náà, atẹ́gùn há sáàárín wọn, omi kò wá lè kan ara ewé gan-an. Òkìkí ìwádìí náà kan ewéko lótọ́ọ̀sì, àmọ́ kókò wà lára àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa jù lọ ni ti 2011, nígbà tí àwọn olùwádìí kan ri ewé kókò sínú omi, tí wọ́n sì rí i pé bakitéríà kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn níbẹ̀ pàápàá, nítorí àwọn fínfín tó kéré jù lọ lójú rẹ̀. Ẹni tó bá ní garawa omi lè rí ìdajì àrà náà nílé: kó ri ewé kókò bọ omi, á máa dán bíi fàdákà lábẹ́ omi. Atẹ́gùn tó há sára rẹ̀ ló ń dán bẹ́ẹ̀. Nínú òkun, tí omi ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ tagbáratagbára, atẹ́gùn náà kì í pẹ́ sá lọ, òun ni kò sì jẹ́ kí ọgbọ́n kókò tíì dé ìdí ọkọ̀.

Àwọn kan wá sọ pé bí atẹ́gùn ò bá dúró, ká fi epo dí ipò rẹ̀. Ní Éṣíà, ewéko kan wà tó ń jẹ kòkòrò. Ewé rẹ̀ dà bí ìkòkò, etí ìkòkò náà sì ní fínfín tó máa ń mu omi sára, tí èèrà tó bá tẹ ibẹ̀ fi máa ń yọ̀ ṣubú sínú. Ní 2011, Joanna Aizenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard fi epo dípò omi nínú fínfín tí wọ́n ṣe fúnra wọn. Ní 2017, òun àti Ali Miserez ti Singapore fi irú ojú tó mu epo bẹ́ẹ̀ dán mọ́sùlù wò, ẹ̀dá oníkarahun méjì tó máa ń na ẹsẹ̀ tọ́ ilẹ̀ wò kó tó ta okùn àtè mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ náà tọ́ epo, kò mọ̀ pé ilẹ̀ líle wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì ta okùn.

Èyí tó ti wà lára ọkọ̀ lóòótọ́ ni yóò ya oníṣòwò Aswani lẹ́nu jù. Òòrẹ̀ òkun, ẹ̀dá roboto tí ẹ̀gún bò bí òòrẹ̀ inú igbó, ló fún Rik Breur, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ní èrò náà. Dípò kó kun ọ̀dà, ó ṣe rọ́bà fẹ́lẹ́ kan tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, ó sì gbin okùn náílọ́ọ̀nù kéékèèké sí ojú rẹ̀, ní ìdúró, wọ́n sì ki dáadáa. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ọkọ̀ bí ẹni lẹ bébà mọ́ ògiri. Ní 2019 ó wà lára àwọn tó gba àmì ẹ̀yẹ àwọn olùpilẹ̀ṣẹ̀ nílẹ̀ Yúróòpù. Ẹni tó bá fọwọ́ pa á yóò pè é ní àrán, kò sì ní jìnnà sóòótọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe àrán olówó pọ́ọ́kú náà nìyẹn: wọ́n á kun gọ́ọ̀mù sí aṣọ, wọ́n á jẹ́ kí iná mànàmáná gbé okùn wẹ́wẹ́ dìde kó tó bọ́ sórí gọ́ọ̀mù, kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan lè gúnlẹ̀ ní òró. Ọmọ báńákù tó bá gbé ìwo lé orí okùn kan, okùn náà á mì. Á gbé èkejì, ìyẹn náà á mì. Kò sí ibì kan tó dúró jẹ́ẹ́ tó lè tú àtè sí.

Bóyá ó máa pẹ́ lára ọkọ̀ nínú omi Èkó, omi Èkó ló lè sọ, torí pé ibi tí iyọ̀ ti ń lọ tó ń bọ̀, tí oníbàárà sì ń yí pa dà láti ẹ̀ẹ̀rùn sí òjò, kò jọ èbúté Netherlands. Ìdánwò rẹ̀ kò gba ẹ̀rọ ńlá. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí òkun ti ìjọba àpapọ̀, NIOMR, wà ní Victoria Island lẹ́bàá omi. Pátákó ìdánwò tó tó ìwé àjákọ ló nílò: ọ̀kan ní ọ̀dà lásán, ọ̀kan ní ìlà bíi ti àkurákudà, ọ̀kan ní àrán. Kí wọ́n fi okùn so wọ́n rọ̀ sínú omi ní Tin Can tó súnmọ́ òkun, ní Mákòókó láàárín ọ̀sà, àti ní Ìkòròdú lọ́hùn-ún níbi tí omi tútù ti pọ̀. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró tí iyọ̀ sì ń pa dà wọlé, kí wọ́n máa fà wọ́n sókè lóṣooṣù, kí wọ́n sì ka ìkarahun funfun tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.